Orúkọ Tó Ń Tẹ̀lé Àdúà Ìṣínu

Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ Mùínàt a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, Ọ̀yọ́ ló ti ń gbààwẹ̀. Èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Ǹ bá má rẹ́rìn-ín ká ní mo mọ̀. Bí wọ́n bá ti pèrun ìrọ̀lẹ́, tí oníkálukú ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, òun á di fóònù mọ́ etí, á máa retí àdúà bàbá rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti wọlé ọkọ, kò ṣínu rí láìkọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ̀ yìí, Mùílì tó ń fi awọ rán tìmùtìmù, á ka "Allahumma laka sumtu" délẹ̀, á wá túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ọlọ́run, ìwọ ni mo gbààwẹ̀ fún, oúnjẹ rẹ ni mo fi ṣínu." Lẹ́yìn náà ni bàbá á dárúkọ àwọn ọmọ. Ti Mùínàt ló máa ń ṣíwájú, torí òun ni àkọ́bí.

Lọ́dún yìí, ara dara àgbà, iyè bàbá ra. Àdúà ò sọ nù lẹ́nu wọn, orúkọ ọmọ ni kò jáde mọ́. "Ta ló wà lórí fóònù?" ni wọ́n ń bi Adéṣínà, àbúrò Mùínàt tó ń tọ́jú wọn. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni Mùínàt fi retí orúkọ rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọkọ̀ Ọ̀yọ́. Ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí bàbá bá rí òun, wọ́n á rántí.

Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ẹ jókòó, ẹ bá wa ṣínu."

"Adéṣínà, bàbá mi ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀," ni Mùínàt wí. Ó dùn ún dọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n pèrun, bàbá mú èso dábínù kan, wọ́n ka àdúà náà láìṣì í. Wọ́n tún tẹ́wọ́: "Ọlọ́run, Mùínàt ọmọ mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú rẹ̀ ń wù mí í rí. Jẹ́ kó wá wò mí."

Wọ́n yíjú sí àlejò. "Ìyá, ẹ bá mi ṣe àmín sí i. Ọmọ dáadáa ni."

Mùínàt fọwọ́ méjèèjì bojú. "Àmín, bàbá."