Àdúrà Tí A Fi Ń Bá Ara Wa Jà

Nílé ìyá àgbà mi ní Ìjemò, ní Abẹ́òkúta, wọn kì í bá èèyàn wí lójúkojú. Orí àdúrà òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń bá a wí. Bí mo bá gbàgbé àwo sínú omi mọ́jú, màmá ò ní sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n á dúró kí a kọrin tán, kí a ka Bíbélì tán, kí a kúnlẹ̀ ti àga méjèèjì tó wà ní pálọ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀: "Olúwa, kọ́ àwọn ọmọ rẹ bí wọ́n ṣe ń parí iṣẹ́ wọn. Pàápàá àwọn tó ti gbàwé ẹ̀rí ní yunifásítì, tí àwo kan ṣoṣo ṣì ń dá lágara." Èmi nìkan ni mo máa ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè ṣe bíi pé ẹlòmíì ni. Mo gbọ́dọ̀ ṣe àmín.

Ọ̀tà ni àwọn òbí mi ń gbé, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí n kò ríṣẹ́, wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ màmá kí màmá má baà dá wà. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Èmi mọ̀ pé ìdààmú ọkàn mi ló ti sú wọn. Mo jẹ́ irú ẹni tó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ń bínú, tí á tún béèrè bóyá ó yẹ kí òun bínú, kó tó wá ráyè bínú. Màmá ní bí mo bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀, kí n máa fi ibi tí èrò ti lè sọ̀ kalẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Kọ́bapẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, la jọ lọ síbẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbà. A jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ló kàn láti wọlé, òun ló tẹ̀ lé mi. Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ṣáájú ẹ," ó ní. "Bí mo bá tún jókòó síbí pẹ́ díẹ̀ sí i, màá sá lọ sílé."

Mo jẹ́ kó ṣáájú mi. Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún un bó ṣe ń wọlé, mo sì rò lọ́kàn mi pé Ọlọ́run á ti rí èyí, kò ní gbàgbé. Ó pẹ́ kó tó jáde, ẹ̀rín ló sì rín jáde. Nígbà tí wọ́n pe èmi, ọ̀gá tó ń bi èèyàn léèrè ti dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé ibo ni mo ń gbé. Mo sọ fún un. Ó ní kí n kí wọn nílé. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀, inú mi ni mo gbé e sí padà sílé.

Ọ̀rẹ́ mi ló gba iṣẹ́ náà.

N kò lè sọ pé ó jà mí lólè, èyí gan-an ló sì ń dùn mí jù. Ká ní ó ṣe mí níbi ni, màá mọ ibi tí màá gbé ìbínú mi kọ́. Èmi ni mo fún un láyè, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí mo wá ń bínú sí, tí ẹ̀rù ń bà mí láti dárúkọ, ni Ọlọ́run. Mo ṣe rere níṣojú rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́sàn-án gangan, ó sì ń wò nígbà tí ọ̀gá yẹn ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀rẹ́ mi wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń sá láfún sóòrùn.

"Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ iṣẹ́," ó ní. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó o wà lápá ọ̀tún mi tí a bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ijó jó."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n jó."

"Mo mọ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ ṣá."

Mo ní màá rò ó. Ó wo ojú mi díẹ̀. Ó bá mi tẹ́ láfún tó kù, ó lọ.

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a kúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. "Olúwa, ọmọ kan wà nínú ilé yìí tí wọ́n pè sí ijó, tó ní òun máa rò ó. Baba, kí ló fẹ́ rò? Ṣé ìdánwò ni?"

Mo ṣe àmín. Nígbà tó kàn mí láti gbàdúrà, mo ní, "Baba, ṣọ́ àwọn àgbàlagbà wa. Jẹ́ kí wọ́n máa jìnnà sí ojú fèrèsé, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ kò dára fún eegun wọn."

Màmá ṣe àmín tó rinlẹ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá a padà fún mi. "Olúwa, a dúpẹ́ fún ojú fèrèsé. Ká ní kò sí ojú fèrèsé, kí ni à bá mọ̀ nípa àwọn tó ń bá wa gbé?"

Odi kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé Àlàájà, tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike níwájú ilé wọn. Wọ́n máa ń ti kírun tán kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ orin, odi náà kò sì ga. Nígbà tí mo lọ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ àdúrà o. Ta ló borí láàárọ̀ yìí?"

"Àdúrà ni, Àlàájà. Kò sẹ́ni tó borí."

"Tiyín dùn. Tí àwa bá forí kanlẹ̀, a kì í mọ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ wa ń tọrọ. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n yéé pariwo láàárọ̀ kí n lè máa gbọ́." Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Ṣé o máa jó àbí o ò ní jó?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Tó ò bá ní jó, sọ fún Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ilé yín pé kí wọ́n fi èmi rọ́pò ẹ. Mo mọ ijó jó dáadáa."

Nígbà tó di òwúrọ̀ Sátidé, màmá kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ mi rárá. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà, fún ìjọba, fún àwọn tó wà nílé ìwòsàn, wọ́n sì dákẹ́. Ó kàn mí. Mo ti ṣètò ohun tí màá sọ sílẹ̀, nípa àwọn tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n màmá kò fún mi ní ohun tí màá fèsì sí, ohun mìíràn ló wá jáde lẹ́nu mi.

"Baba, inú mi ò dùn sí ọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè yà ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo fún un ní ààyè mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá mo fẹ́ ẹ díẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o rí mi lábẹ́ igi yẹn."

Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí a gbé kaná fún ògì hó títí ó fi gbẹ. Nígbà tí mo parí, n kò gbọ́ àmín, mo bá la ojú kan. Màmá ti la ojú tiwọn tipẹ́, èmi ni wọ́n ń wò.

"Ṣé o ti parí?"

"Ẹ̀n, mà."

"Àmín," wọ́n ní. "Àdúrà tó o kọ́kọ́ gbà láti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin náà, èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, màmá."

"Àgbà ni mí. Wọ́n gbà mí láyè."

Mo bi wọ́n bóyá Ọlọ́run kò ṣe ohun tó dùn wọ́n rí. Wọ́n di àga mú, wọ́n rọra jókòó sórí rẹ̀.

"Lọ́dún tí bàbá àgbà ẹ kú, tí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi, mi ò kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń lọ o. Mi ò pa Ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Màá jókòó síwájú gan-an, màá pa ẹnu mi dé. Mo fẹ́ kó rí i pé mò ń bínú. Tí mo bá jókòó sílé, báwo ló ṣe máa rí i?"

"Ṣé ó rí yín?"

"Gbogbo ìjọ rí mi, òun ni ò wá ní rí mi? Nígbà tó yá, mo kàn rí i pé mo ti ń bá wọn gberin kí n tó rántí pé mò ń bínú." Wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú, wọ́n sì dìde. "Bàbá àgbà ẹ ò padà wá. Kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi. Lọ gbé omi míì kaná."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí Kọ́bapẹ́ ni mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí òun ló dára jù nínú aṣọ mi. Ọ̀rẹ́ mi náà wọ tirẹ̀. A kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ jáde, ẹsẹ̀ mi ti dìde láàárín àwọn akọrin kí ọkàn mi tó parí àròyé rẹ̀. Mo jó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n jó. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tutù lọ́tẹ̀ yìí. Ní ìdajì ọ̀nà, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Mo mọ̀ pé ààyè ẹ ni mo bá wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni."

"O ti sọ ọ́," mo ní. Mo ní àlàyé púpọ̀ tí mo fẹ́ fi kún un, ṣùgbọ́n a ti dé iwájú.

A kúnlẹ̀. Fíkà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìjọ ni, kò tíì mọ̀ wá dáadáa. Ó wo èmi, ó wo ọ̀rẹ́ mi. "Èwo nínú yín ló ń dúpẹ́?"

"Àwa méjèèjì ni, sà," ọ̀rẹ́ mi dáhùn. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Irọ́ kọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n bí Fíkà ṣe gbọ́ ọ yàtọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí àwa méjèèjì, ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúpẹ́ fún iṣẹ́ tuntun tí Ọlọ́run fi fún wa. Ó ní ọ̀tá kò ní rí ìdí àga wa níbi iṣẹ́. Ó ní owó oṣù wa àkọ́kọ́ á ní ìbùkún. Gbogbo ìjọ dáhùn pé àmín. Kí ni kí n ṣe? Èèyàn kì í dá Fíkà dúró láàárín àdúrà láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé ẹnikẹ́ni wà ní gbogbo Abẹ́òkúta tó fẹ́ ṣàlàyé tó mi lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń kí mi kú oríire. Mo gbìyànjú láti sọ òótọ́ fún ìyá àkọ́kọ́ tó dì mọ́ mi, ó ní òun fẹ́ràn ìrẹ̀lẹ̀ mi. Bàbá kan béèrè bóyá òun máa jẹ nínú owó oṣù àkọ́kọ́ náà. Ìyá mìíràn ní kí n bá òun wo ibi tí wọ́n lè fi ọmọ òun sí níbi iṣẹ́ wa. Kí n tó dé ẹnu géètì, àlàyé ti tán nínú mi, ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà, ni mò ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi ti rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọjọ́ wo lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?" ó bi mí.

Mo jókòó tì í. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni màá sun tàbí ẹ̀rín ni màá rín, ẹ̀rín ló jáde. A rẹ́rìn-ín bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré tí wọ́n á lé wa jáde láàárín akọrin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti màmá kúnlẹ̀ ti àga wa. N kò tíì ríṣẹ́. N kò sì gbọ́ ohùn kankan tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ igi máńgòrò fún mi.

"Olúwa," màmá ní, "a dúpẹ́ tí ọmọ yìí jó. Ijó náà kò dára, ìwọ náà rí i. Wọ́n ti kí i kú oríire iṣẹ́ tí kò tíì rí, gbogbo ìjọ sì ti ṣe àmín sí i. Baba, má jẹ́ kí gbogbo wa di òpùrọ́."

Kí n tó la ẹnu, Àlàájà ti ṣe àmín láti òdìkejì odi. Tèmi wá tẹ̀ lé e.