Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Pápá

Nígbà tí Martha ọmọ Kàbà wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Lọ́kọ́jà, ní nǹkan bí ọdún 1972, ta ló tó dúró de fọ́líbọ́ọ̀lù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá? Bó bá fò lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, tó gbá a mọ́lẹ̀, eruku á sọ. Àwọn èrò ìwòran ló sọ ọ́ ní Àrá. Ọmọ Íbírà ń pè é, ọmọ Ígálà ń pè é, títí dórí onísúyà tí kò gbọ́ Yorùbá. Sọ fún un pé orúkọ kan tún dùn jùyẹn lọ, kó o rí ìjà.

Ọjọ́ lọ, orúnkún ń dùn ún, ó di kọ́ọ̀ṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó mọ iṣẹ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí Mùsílímátù fi dé láti Kàbàwá, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́jà níbẹ̀.

Ọmọ náà ga, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí Martha bá kọ́ ọ lónìí, á ṣe é ju Martha lọ lọ́la. Ìyẹn ṣì ṣeé gbà. Ọjọ́ tí èrò ìwòran pe ọmọ yìí ní Àrá ni nǹkan bàjẹ́. Owú gbé Martha wọ̀. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ nílé ní Ótókítì. Ṣé òun ti kú ni, tí wọ́n fi ń pín ogún òun? Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tiẹ̀ ti tán pátápátá.

Ọjọ́ ife ìpínlẹ̀ kò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ò gba ife yẹn rí, kódà láyé Martha. Ó kó àwọn tó kù wọ pápá, ó ní kí Mùsílímátù jókòó.

“Áńtí, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

“Mo ní kó o jókòó.”

Àwọn ọmọ Òkéné ń nà wọ́n lọ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ife bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, èrò ìwòran gbohùn sókè: “Àrá! Àrá!”

Kí Martha tó mọ̀, ó ti dìde, ó ti nawọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́sí, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin kan ké sí i látẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ díẹ̀. Ẹ ò jẹ́ ká rí Àrá.”

Martha sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò wo ojú ọmọ náà.

“Dìde,” ó ní. “Wọ́n ń pè ọ́.”