Orí Ẹran Tí Jasinta Gbà

Bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí ọ̀pá họ́kì tí mo gbé kọ́ ara ògiri láti ìgbà èwe mi yọ ewé lónìí. Mo ti wò ó kí n tó jókòó kọ̀wé: gbígbẹ ló gbẹ. Èmi Kornelius Bilung ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí n kò rí ilé-ìwé wọ̀, tí mo fi ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di iyọ̀ kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Gbogbo Kusumtoli, abúlé wa ní Íńdíà, ló mọ̀ pé mo gbá bọ́ọ̀lù kan rí tó fò kọjá odò Sankh, tó lọ fọ́ ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin kan ní òdìkejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ Jasinta Barwa ni, ọmọ Bisram tó ń sin ewúrẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, kí ọmọ tó mọ ìrìn dáadáa, ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbòǹgbò ọparun la fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ka igi tó bá tẹ̀ lórí la fi ń ṣe ọ̀pá. Kí wọ́n tó bí mi ni ọmọ ẹ̀yà tiwa kan ti ṣe balógun ikọ̀ họ́kì Íńdíà nílẹ̀ Òyìnbó, wúrà sì ni ikọ̀ náà gbé bọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí aláboyún kan níbí tí kì í lálàá aṣọ Íńdíà. Ní abúlé, a kì í fi wúrà ṣe ẹ̀bùn o. Òbúkọ ọ̀dá ni. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá kí gbogbo ojú lè rí ohun tí à ń sáré sí. Ẹgbẹ́ tó bá borí á pa á níbẹ̀ náà, tọmọdé tàgbà á sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì. Orí ẹran, ti balógun ni. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.

Bisram ló ń pèsè òbúkọ yìí lọ́dọọdún. Ní ọdún kan, ewúrẹ́ rẹ̀ kan bí akọ, ìyá ọmọ náà sì kú. Jasinta ló fi omi ìrẹsì tọ́ ọmọ náà. Ó sọ ọ́ ní Mangra, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i. Mangra ń tẹ̀ lé e lọ odò, ó ń tẹ̀ lé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú mi ló ṣe tó kúnlẹ̀ nígbà àdúrà. Nígbà tó dàgbà, ó sanra débi pé gbogbo adìyẹ àdúgbò ń sá oòrùn sábẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Bisram ti ṣìṣe. Àwọn àgbà ìdíje wá bèèrè ẹran tó sanra jù, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣèlérí kí ọkàn rẹ̀ tó rántí ẹni tó tọ́ ẹran náà, àti pé òun náà ni balógun àwọn ọmọbìnrin wa. A kì í sì í kó ọ̀rọ̀ jẹ níwájú àgbà.

Jasinta ní òun kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni Ìyá Teodora Soreng ń bọ̀, ẹni tó ń ṣa àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Íńdíà. Ọmọ tí Ìyá náà kò bá rí ní pápá lọ́jọ́ Àìkú ìdíje yẹn, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, á bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì.

Bisram bẹ̀ ẹ́ títí. "Jasinta, ìyá mi, ẹran ni ẹran. Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á jẹ ẹ́. Bí o kò bá gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á jẹ ẹ́."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fà á kalẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò péńpé, kí ẹ lọ gbá a."

Ni wọ́n bá ranṣẹ́ sí mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ọmọ náà kò jẹ́ kí n sọ òwe kan tán.

"Bàbá Kornelius, bí mo bá borí, èmi ni mo ni orí rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ayé àwọn baba ńlá wa.

"Tèmi pátápátá?"

Mo ní gómìnà gan-an kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀.

Abúlé Bandhatola ló bá wa fẹsẹ̀ wọnsẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin wọn ń pe Jasinta ní ìyá ẹran, wọ́n ń bi í bóyá ọmọ rẹ̀ fẹ́ ata púpọ̀. Bí Jasinta bá ti sáré kọjá ni Mangra á ké. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè ìparí dún, ó gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó ré gbogbo wọn kọjá bí ẹni ń ré ewébẹ̀, ó sì gbá a. Èéfín jáde lára koríko. Aṣọ́lé wọn ṣì ń wá bọ́ọ̀lù náà níwájú nígbà tó ti sùn sẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n fa ọ̀bẹ yọ. Jasinta lọ dúró síwájú Mangra.

"Ẹ fún mi ní orí tèmi."

Alápatà ní kó ní sùúrù kí òun gé e ná.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e? Bó ṣe wà lọ́rùn rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ ni ìyókù. Ẹ mú un, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orí mi."

Àgbàlagbà Bandhatola kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ọmọ yìí gbá wa, ó tún gbá ẹ̀yin náà." Ojú gbogbo wọn wá yí sọ́dọ̀ mi, nítorí èmi ni mo mọ àṣà jù láti ibí dé Kutra. Mo ní ọmọ náà kò jẹ̀bi. Kí ebi má baà dá ìjà sílẹ̀, mo fa ẹlẹ́dẹ̀ mi kalẹ̀, èyí tó tóbi tó ọkọ̀ akẹ́rù. Abúlé méjèèjì jẹ ẹ́ yó lórí ewé, ọtí ìrẹsì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìyá Teodora jẹun. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó wá bi Bisram bóyá ọmọ náà ní àpótí tó lè kó aṣọ sí.

Jasinta wọ aṣọ Íńdíà ní ìlú tí òtútù ti ń mú kí bọ́ọ̀lù gbọ̀n. Kò gba wúrà, kò sì bínú sí i. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè fún un níṣẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn eléré ìdárayá. Ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Rourkela báyìí. Bí a bá ti kórè ìrẹsì, á kó bàtà wá fún àwọn ọmọbìnrin wa, á sì jókòó sí àgbàlá bàbá rẹ̀ máa jẹ ẹ̀wà. Mangra darúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀ kó tó kú. Títí dòní, kí a tó so ẹran mọ́ pápá, a máa ń kọ́kọ́ bi balógun bóyá òun ló tọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi Ìyá Teodora Soreng. Ó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Rajgangpur ló ń gbé, eyín rẹ̀ pé pérépéré. Bó bá ní ẹlẹ́dẹ̀ náà kéré, ebi ló ń pa á lọ́jọ́ náà.