Fáìlì Mi Tó Ń Pòórá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ilẹ̀ ń yọ̀, bàtà ẹni náà ni mo máa kọ́kọ́ wò. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, ìyá mi sì tún fi tirẹ̀ kún un. Màámi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó yá a láyè, òfin méjì ló sì fi tọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìkejì ni pé ẹni tí wọ́n bá yá láyè kò gbọdọ̀ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bó bá ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń palẹ̀ mọ́ débi pé a ó ṣa fọ́nrán òwú nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ pé òfin méjèèjì lè para pọ̀ ṣe èèyàn léṣe.

Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ tí mi ò ríṣẹ́, ẹ̀gbọ́n kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní Òkè-Baálẹ̀ júwe bàbá kan fún mi ní Iléṣà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì. Èkó ló ti ṣiṣẹ́, nídìí méńfíréèmù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ràgàjì tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe òbítíbitì iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń rán kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀ mọ́, ó ní, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ṣì wà nídìí ẹ̀. Òun ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ara ti fu mí.

"Kí ló wá fẹ́ gbà?" Màámi bi mí.

"Ó ní òun ò gba nǹkan kan, Màámi."

"Háà. Máa lọ o. Ṣùgbọ́n la ojú ẹ sílẹ̀."

Ni mo bá ń wọ takisí lọ sí Iléṣà ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú ojú mi ní lílà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá mú mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kékeré tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ńlá yẹn kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn," ó ní. "Tó o bá ti fún un níwèé, ó lọ nìyẹn. Fáìlì tó máa kà, ibi tó máa kó èsì sí, ohun tó máa fi fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe tó bá parí, gbogbo ẹ̀ lo gbọ́dọ̀ ti kọ kó tó kúrò nílé. Ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì wá ni? Ìjẹ̀sà ò rídìí ìsáná, ulé lọmọ Ọwá ti í mú uná roko."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ìwé kan tó fi ìgúnpá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mò ń wò. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló fi dì í lẹ́yìn. Bí mo bá ti bi í ní ìbéèrè tó le, ó máa ṣí i, ó máa wò ó fìrí, ó máa pa á dé. Mo ní kó jẹ́ kí n fi fóònù ya inú ẹ̀, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá kàn ń da iṣẹ́ kọ kì í mọ iṣẹ́. Mo ní "Ẹ ṣé, sà," ṣùgbọ́n nínú mi, mo ti kà á sí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Kọ̀ǹpútà ìkọ́ṣẹ́ tí à ń lò, Èkó ló wà. Ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bàbá rí ló fún un ní orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù tó fi ń wọlé síbẹ̀, bàbá sì fún èmi náà, kí n lè máa wọlé láti ilé. Ìyàwó bàbá náà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibẹ̀ ni bàbá àwọn ń gbé, òjìji rẹ̀ lásán ni òun ń bá jẹun. Ọkùnrin Èkó náà ló wá sọ pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́. Ó ní kí n kọ iṣẹ́ kan tó máa to orúkọ ọjà inú ilé ìkẹ́rù lẹ́sẹẹsẹ. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, àwọn fúnra wọn máa rán an, pẹ̀lú fáìlì tí mo bá tẹ orúkọ náà sí. Bó bá lọ geere, mo ti ríṣẹ́ nìyẹn, màá sì máa ṣe é láti Òkè-Baálẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tẹ orúkọ ọjà wọ̀nyẹn sínú fáìlì. Lọ́jọ́ Ajé, mo rán iṣẹ́ náà. Èsì dé, òdo mẹ́rin sì wà lórí rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí àléébù. Mo ní Alhamdulillah. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún un rán, kí n ṣáà lè tún òdo mẹ́rin rí. Kọ̀ǹpútà ní kò sí fáìlì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá a títí. Ó ti pòórá.

Mo jókòó, mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láìsinmi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rán an, òdo mẹ́rin. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kò tún sí níbẹ̀ mọ́.

Orí mi gbóná. Yàtọ̀ sí ọkùnrin Èkó tó fún wa, èèyàn méjì péré ló mọ páásìwọ́ọ̀dù yẹn. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Bàbá tí ò gba kọ́bọ̀, mo ti wá mọ ohun tó ń gbà. Bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló fẹ́ fún níṣẹ́ náà. Bóyá kò kàn fẹ́ kí ẹlòmíì mọ ohun tó mọ̀. Mo pe ọkùnrin Èkó, mo ní ẹnì kan ń pa iṣẹ́ mi rẹ́, bàbá nìkan ló sì lè wọlé síbẹ̀ yàtọ̀ sí mi. Ó ní òun máa fi tó àwọn ọ̀gá òun létí. Lẹ́yìn náà, ó yí páásìwọ́ọ̀dù padà, ó sì fún èmi nìkan. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́.

Ìgbà tí mo wọlé, mo rí fáìlì kan tí kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣe é. Mo ṣí i, iṣẹ́ mi ni mo bá níbẹ̀, tòun ti ibi tí mo ti ṣi "ìṣó" kọ. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, mo kó èsì iṣẹ́ mi àti ìwé àṣẹ rẹ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, mo ń ka ẹjọ́ mi sínú lójú ọ̀nà.

Mo bá bàbá níwájú kọ̀ǹpútà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Ọmọ mi, o káre. Wá bá mi wò ó. Àtàná ló ti ń ní mi ò lè wọlé. Ó jọ pé mo ti gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù."

Mo kó bébà lé orí tábìlì. "Bàbá, ta ló kó fáìlì mi?"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Bàbá gbé bébà náà sún mọ́ ojú.

"Èmi ni," ó ní. "Mo dà á kọ kó má baà ṣòfò. Mo ti rí i pé usẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́. Ka èsì yẹn dé ìsàlẹ̀."

Mo kà á. Lábẹ́ òdo mẹ́rin tó ti ń dùn mọ́ mi, orúkọ fáìlì mi wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ DELETED síwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti pa á rẹ́. Ti ọjọ́ Ajé rí bẹ́ẹ̀. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wo ìwé àṣẹ tí mo fi rán an. Níbi tí a ti ń sọ ohun tí yóò fi fáìlì ṣe bó bá parí, DELETE ni mo kọ, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Mo mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́. Mo ti rò pé ṣe ni iṣẹ́ náà ń bu díẹ̀ gbé jáde, bí Màámi ṣe ń gbé ìwọ̀nba aṣọ kúrò nílé lọ sọ́jà, pé èyí tó gbé jáde nìkan ni DELETE máa kó kúrò. Kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ni. Mo fẹ́ palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi, sà?"

"Ní gbogbo Sátidé ni mò ń bi ọ́ bóyá o ka èsì dé ìsàlẹ̀. O ní bẹ́ẹ̀ ni."

Òótọ́ ni. Mo ti rò pé ó ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Ó ní tí mo bá délé, kí n fi KEEP rọ́pò DELETE, kí n sì lo fáìlì tí òun bá mi tọ́jú. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ páásìwọ́ọ̀dù. Mo ní mo máa bá a bi ọkùnrin Èkó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkùnrin Èkó pè mí pé iṣẹ́ náà ti lọ geere, mo ti wọlé. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹjọ́ tí mo fi sun bàbá ti kọjá ọ̀dọ̀ òun, ẹni tí wọ́n bá ti tì síta bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún un mọ́.

Nígbà tí mo dé Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, bébà kan wà níwájú bàbá. Gbogbo páásìwọ́ọ̀dù tó ti lò láyé rẹ̀ ló kọ síbẹ̀, tó sì fi bírò fa igi lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n yí i padà, mo sì sọ ìdí rẹ̀, mo sọ pé wọn ò ní ṣí i fún un mọ́.

Bàbá gbé bírò náà sílẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe pé mo gbàgbé?"

"Rárá, sà. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan."

"Ọpẹ́ ni f'Ólúwa," ìyàwó rẹ̀ ní láti kíṣìnì, ẹkún sì wà lóhùn rẹ̀.

Bàbá ká bébà náà, ó fi sápò. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó. Lẹ́yìn náà, ó fa ìwé tó fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì dì jáde lábẹ́ ìgúnpá rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Máa mú un lọ," ó ní. "N kò níbi tí mo ti máa lò ó mọ́."