Mi Ò Ní Ta Ẹja fún Yín Lónìí

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ta ẹja ọ̀sìn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Scarborough. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o. Ẹja kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ni, tí àwọn èèyàn ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wọn. Láàárín ọdún mẹ́fà yìí, ọ̀gá mi ti bá mi wí lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀sùn kan náà sì ni lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù kí n tó tajà. Mi ò jiyàn. Òótọ́ ni.

Ìwé girama ni mo kà mọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹja kí n tó dé Kánádà, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn nínú kòtò oníbúlọ́ọ̀kù mẹ́rin lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn. Ní gbogbo Sátidé, a ó tú omi kòtò dànù pátápátá, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara rẹ̀ títí yóò fi mọ́ tónítóní, a ó sì rọ omi tuntun sí i. Àrọ̀ kì í bínú sí i. Bí omi bá tiẹ̀ burú, yóò yọ ẹnu sókè, yóò mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa.

Ìmọ̀ yìí ni mo gbé wọ ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù kejì mi níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wá, ó ní omi àpótí òun ti dà bí omi ìrẹsì, kí ni kí òun ṣe? Inú mi dùn pé mo mọ ìdáhùn. Mo ní kó tú gbogbo omi náà dànù, kó fi omi gbígbóná fọ òkúta inú rẹ̀, kó sì fi ọṣẹ fọ fóòmù inú fílítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, títí yóò fi funfun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹrin, ó padà wá. Ẹja mọ́kànlá ló ní. Mọ́kànlá ló kú. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní ọmọ òun ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn orúkọ náà fún mi. Ó kà wọ́n tán pátá.

Paulette, ìyá àgbà ará Jàmáíkà tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́, ló ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà lára òkúta àti nínú fóòmù, àwọn ló ń jẹ májèlé tó ń jáde láti ara ìgbẹ́ ẹja. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé náà lo fọ̀ dànù.” Nínú àpótí tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pé, oúnjẹ ẹja tó ń jẹrà nínú omi la sì fi ń bọ́ wọn. Ìdúró yẹn ni àwa tí à ń ta ẹja ń pè ní sáíkù. Ẹni tó bá kó ẹja sínú omi kí sáíkù tó parí, inú májèlé ló kó wọn sí.

Láti ọjọ́ náà, mo ń béèrè. Báwo ni àpótí yín ṣe tóbi tó? Ọjọ́ mélòó ni omi ti wà nínú rẹ̀? Ta ni yóò máa fún wọn lóúnjẹ? Àwọn oníbàárà náà ń bi mí, mo sì ń dáhùn. Ṣé ẹja ń sùn? Ó ń sùn, kò kàn ní ìpéǹpéjú tó máa pa dé ni. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n fún un lóúnjẹ? Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìwọ̀n tó lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Oúnjẹ àjẹṣẹ́kù ń pa ẹja ju ebi lọ. Omi ńkọ́? Ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ pààrọ̀ ìdá kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi oògùn tí à ń tà sí omi ẹ̀rọ kí ẹ tó dà á sí i, nítorí kẹ́míkà inú omi ìlú yìí kì í bá afẹ́fẹ́ lọ bí ẹ bá tiẹ̀ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣé ẹja góòlù lè gbé inú abọ́ róbótó? Rárá.

Ní ìgbà ooru tó kọjá, ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì. Derek ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹnu mi ò gbà á, ọ̀gá ni mò ń pè é. Ó ní mò ń lé oníbàárà. Bí mo bá tún dá ẹnì kan padà láìta ẹja fún un, òun yóò gbé mi sí ṣíìfù àwọn tó ń já ẹrù, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí.

Fún ẹlòmíì, aago lásán nìyẹn. Ọkọ mi ń jáde nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lọ sí wíáháòsì ní Burlington. Ọmọ ọdún méje ni Mofẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo, a ò sì ní ìbátan kankan nílùú yìí. Ta ni yóò jí i? Ta ni yóò mú un sọdá títì? Èmi tí mo máa ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé títí yóò fi wọlé, tí mo tún máa ń yọjú wo fèrèsé kíláàsì. Ọkọ mi ní bí wọ́n bá gbà mí láyè, mo máa fi igò ìdánwò tí a fi ń yẹ omi ẹja wò yẹ afẹ́fẹ́ wò kí ọmọ tó mí i.

Ní ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìkìlọ̀ yẹn, ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ìrajà dé iwájú mi, ọmọbìnrin rẹ̀ dì í mú. Àpótí ẹja tuntun, galọ́ọ̀nù mẹ́wàá, wà nínú kẹ̀kẹ́. Ó ka orúkọ tó wà láyà mi.

“Háà! Ọmọ wa! Ẹ jọ̀ọ́, Auntie, ọ̀la ni bọ́ọ̀dè ọmọ yìí. Ẹ bá mi kó mẹ́wàá nínú àwọn pupa yẹn.”

“Ẹ káàsán, sà. Ìgbà wo lẹ ra àpótí?”

“Òun ló wà nínú kẹ̀kẹ́ yìí.”

“Mi ò ní ta ẹja fún yín lónìí, sà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ rọ omi sí i, kí ẹ tan fílítà, kí ẹ sì máa fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́.”

“Ẹja wo ló máa jẹ ẹ́?”

“Ẹja ò ní sí níbẹ̀, sà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbà mí! Mo wakọ̀ láti Markham, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ní kí n lọ máa fún omi lóúnjẹ!” Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó yọ “ẹ” kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Ẹja lásánlàsàn! Èyí tí wọ́n ń sè nílé yín, òun lo wá ń tọ́ bí ọmọ níbí?”

“Wọ́n ń sè é, sà. Wọn kì í pa á dànù.”

Ọ̀gá ti dúró nítòsí oúnjẹ ajá, ó káwọ́ lérí àyà, ó ń wò wá. Ọmọ náà fa épúrọ́ọ̀nù mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí: bí àwọn bá mú wọn lọ lónìí, ṣé wọ́n máa kú? Mo wo bàbá rẹ̀. Mo wo ọ̀gá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, púpọ̀ nínú wọn máa kú, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ẹja òkú fún bọ́ọ̀dè òun. Bàbá rẹ̀ sanwó àpótí pẹ̀lú ìbínú, ó sì sọ fún ọ̀gá pé mo ti ba ayọ̀ ọmọ òun jẹ́.

Kí n tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá gbé ìwé ìkìlọ̀ síwájú mi: láti Mọ́ńdè, aago márùn-ún ìdájí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé mo kọ̀ láti tajà láìnídìí.

“Irọ́ ni gbólóhùn yìí. Ìdí wà. Mi ò ní fọwọ́ sí i.”

Mo yọ ìwé àdéhùn ìgbanisíṣẹ́ mi nínú báàgì. Aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta ló wà ní ojú ìwé kejì, àti pé a ò ní yí i padà àyàfi bí àwa méjèèjì bá fọwọ́ sí i.

“Kàn sọ pé o ò ní ṣe é mọ́,” ó wí, “ká parí ẹ̀ síbí.”

“Màá tún un ṣe lọ́la.”

Mo ti ìwé ìkìlọ̀ náà padà síwájú rẹ̀. Ó ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́, kí n máa bá aago mi àtijọ́ lọ, kí n sì máa retí èsì.

Mo ń retí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún lẹ́yìn tí a ta àpótí náà, tí èsì ò tíì dé, ọkùnrin ará Markham náà wọlé, òun àti ọmọ rẹ̀. Omi àpótí wọn wà nínú igò kékeré lọ́wọ́ ọmọ, kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

“Obìnrin tó ń sọ ‘rárá’ dà? Auntie, mo ti ń fún omi lóúnjẹ o! Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láràárọ̀.”

Mo bu omi náà sínú igò ìdánwò, mo kán oògùn ìdánwò sí i, mo sì wo aago fún ìṣẹ́jú márùn-ún gééré. Ó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ó jẹ́ àwọ̀ ewé. Ìyẹn ni pé májèlé ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn mi.

“Ó ti tó,” ó wí jẹ́jẹ́. “Tà á fún wọn.”

Mo gbé igò náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i. “Kò tíì tó. Mi ò ní ta ẹja fún yín lónìí, sà.”

Ọkùnrin náà wo igò, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá yíjú sí ọ̀gá. “Ẹ fi í sílẹ̀,” ó wí. “Ohun tó bá sọ la máa ṣe.”

Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé ṣíìfù tuntun mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta ló wà níwájú orúkọ mi. Ọ̀gá ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ìwé ìkìlọ̀ yẹn ṣì wà nínú fáìlì mi láìsí ìfọwọ́sí.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, omi ọkùnrin náà di àwọ̀ ìyeyè. Ẹja mẹ́wàá ló tún béèrè. Mẹ́fà ni àpótí rẹ̀ gbà, mẹ́fà ni mo tà fún un.