Abọ́ Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀ Láàárín Màámi àti Ìyá Líńdà

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí òórùn mọ́ínmọ́ín jí mi lójú oorun nílé wa ní Goresbrook, nílẹ̀ òyìnbó. Kò sí ewé tí a lè fi pọ́n ọn níbẹ̀, nítorí náà agolo mílíìkì ni Màámi fi ń sè é. Wọ́n yọ méjì tó dára jù, wọ́n tò ó sínú abọ́, wọ́n ní kí n gbé e fún Ìyá Líńdà.

Ìyá Líńdà ni òyìnbó tó ń gbé ilé tó kángun sí tiwa. Líńdà, ọmọ wọn, nìkan ni ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìwé, níbi tí àwọn ọmọ yòókù kì í ti í fẹ́ di ọwọ́ mi mú tí a bá tò. Màámi kò fọkàn tán ìyá rẹ̀ rárá. Wọ́n ti kíyè sí i pé kọ́tìnnì ilé náà máa ń mì díẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń jáde. Mo béèrè ìdí tí a fi ń fún un lóúnjẹ nígbà náà. Wọ́n ní, "Kó má baà sọ pé aláwọ̀ dúdú ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Líńdà gbé abọ́ náà padà wá tòun ti kéèkì. Màámi dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé kéèkì náà sí imú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n wé e sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

"Ta ló mọ ohun tó fi sí i? Tó bá bi ọ́, sọ pé ó dùn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ. Ṣùgbọ́n Màámi kò ní gbà kí òyìnbó ṣoore ju àwọn lọ, nítorí náà dòdò tún lọ, bisikí dé. Mọ́ínmọ́ín tún lọ, kéèkì mìíràn dé. Ọ̀sẹ̀ bí i mélòó kan la fi ṣe é. Itọ́ á kún ẹnu mi, n kò sì tọ́ nǹkan kan wò.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, èmi àti Líńdà jókòó ní ilé ìdáná wọn, à ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Mo ṣí garawa wọn láti da èérún rẹ̀ nù. Mọ́ínmọ́ín Màámi ló wà níbẹ̀, odidi, nínú ìwé ìròyìn.

Ojú ti Líńdà. Ó ní, "Mọ́mì ní n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n sáà máa sọ pé ó dùn." Ó wá gbójú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń jẹ tiwa?"

"À ń jẹ ẹ́. Ó máa ń dùn."

Ó bú sẹ́kún. Ó rò pé ìyá òun nìkan ló burú.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màámi, wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ó rò pé òun sàn jù wá lọ." Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ bá ọmọ náà rìn mọ́. Mo dúró kí wọ́n rántí garawa tiwa. Wọn kò rántí, n kò sì rán wọn létí. Ní Mọ́ńdè, Líńdà dúró dè mí lẹ́nu géètì. Mo gbé orí sókè bí Màámi ti kọ́ mi, mo sì kọjá.

Nígbà tí mo di olùkọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka ìtàn kúkúrú láti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé nítòsí Becontree Heath. Òǹkọ̀wé á mú obìnrin méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, á fi wọ́n dojú kọra bí ẹni tó ń wo dígí: ìgbéraga kan náà, ìfura kan náà. Tí mo bá béèrè ta ni agbéraga, ọmọ kọ̀ọ̀kan á nàka sí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Mo máa ń fi sùúrù ní kí wọ́n tún un kà. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ Màámi àti ti Ìyá Líńdà dọ́gba o. Gbogbo àdúgbò ló wà lẹ́yìn Ìyá Líńdà; ohun tí Màámi ní kò ju iyì àwọ̀ wọn lọ.

Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn lè ròyìn ẹ̀bi ẹlòmíràn láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Orí mi ti funfun kí n tó lè sọ pé irọ́ ni mo pa fún Líńdà. Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ẹ kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ yín láti fi àwọ̀ wọn yangàn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ bá bi wọ́n léèrè tọkàntọkàn, kí wọ́n fi òótọ́ dá a lóhùn.