Ìyá Mi Nínú Kíláàsì Ìtàn Kíkọ

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ mi ní kí n jókòó sílé kí n sinmi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níhìn-ín ní Kumasi, ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, láti kọ́ lítíréṣọ̀ àti ìtàn kíkọ. Ìtàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ, ìtàn ìyá mi, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó sì ta abọ́ tánganran lọ́jà títí ọlọ́jọ́ fi dé. N kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ohun tí mo bá kọ nìkan ni àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò fi mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì nìyí: ẹni tó kọ ìtàn yóò pín in fún gbogbo wa lọ́jọ́ Ajé, tó bá di Ọjọ́rú, a ó jókòó yíká, a ó sì sọ ohun tí a rí nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti ṣìṣe. Mo mú bíírò pupa, mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí ogún. Ọmọbìnrin kan láti àdúgbò Sawaba, Yorùbá bíi tèmi, gba mẹ́jọ. N kò ní èrò búburú. Ó ti mọ́ mi lára ni. Olùkọ́ wa, tí kò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn mi, rọra sọ fún mi pé, "Sà, níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wa."

Nígbà tó kàn mí, ìyìn nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn.

"Ó dára, Nana." Bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbí nìyẹn.

"Kò sí àṣìṣe kankan, Nana."

Olùkọ́ nìkan ló ní, "Kò sí àṣìṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìyá yín níbẹ̀." Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tún un kọ.

Mo dúró de ọmọ Sawaba yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ọmọ mi, kí lo rí nínú ìtàn mi?"

"Ó dára, sà."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Kí lo rí?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ ò ní fún mi ní mẹ́jọ mọ́?"

"N ò ní fún ẹ ní nǹkan kan."

"Ó dáa. Bàbá, ṣé tíṣà ni ìyá yín náà ni?"

"Rárá. Kò kàwé rárá."

"Kí ló wá dé tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò? 'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá yẹ àwọn abọ́ wa tó dára wò.' Bí màmá mi bá sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà, wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá. Kí ni màmá yín máa ń sọ gan-an?"

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ rántí. "Bra, wá níbí, haba. Ṣé ojú lo fi ń jẹun ni? Gbé e, kó o gbá a wò. Wallahi, abọ́ yìí á pẹ́ jù ẹ́ láyé."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. "Ìyẹn dà nínú ìtàn yín?"

Mo ti yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣe lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Yóò ní, "Mo gbọ́, tíṣà," yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ti kú báyìí, mo tún ń tún un ṣe.

Mo kọ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀, èdè Twi rẹ̀, Hausa rẹ̀ àti gbogbo ìbúra rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ tó ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ní Ọjọ́rú, kíláàsì dàrú. Ẹnì kan ní ìyá mi rẹ́ oníbàárà jẹ. Ẹlòmíràn ní kò rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti àdúgbò Bantama ní ọmọ inú ìtàn yẹn gbéraga jù, ṣùgbọ́n ní ti ìyá rẹ̀, òun kò lè kúrò nídìí ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ọmọ Sawaba ní, "Ìparí ẹ̀ gùn jù, Bàbá. Ẹ yé wàásù fún wa."

Mo wo ìparí náà. Òótọ́ ni. Mo gé ìpínrọ̀ méjì kúrò.